Béárì Tó Kọjú Síni

"Ta ló kọ́ ọkọ yín ní fọ́tò yíyà, Màdáámù?"

Onífọ́tò àdúgbò Nkembo ń ju àwọn fọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ síwájú obìnrin òyìnbó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yínmú. Láti ìgbà tí Gàbọ́ọ̀nù ti gbòmìnira, kì í gbé ọ̀rọ̀ mì nítorí òyìnbó mọ́.

"Béárì nìyí, ẹranko tí Dáfídì pa nínú Bíbélì. Ó wọ odò, ó ń pa ẹja sámọ́nì, ẹ̀yìn ló kọ sí wa. Èyí ńkọ́? Ìdí rẹ̀ la rí! Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò gbọ́dọ̀ kọjú síni, kí etí méjèèjì hàn. Ìranù ni gbogbo eléyìí."

Obìnrin náà ń kó àwọn fọ́tò náà jọ.

"Ẹyọ kan péré ló dáa." Onífọ́tò náà gbé férémù kan jáde, ó ti sọ fọ́tò kan di ńlá sínú rẹ̀. Béárì náà kọjú sí kámẹ́rà gan-an, ó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, etí méjèèjì hàn, ó la ẹnu sílẹ̀. "Ibí ni ojú ọkọ yín ti wá là."

Obìnrin náà fọwọ́ kan gíláàsì férémù náà.

"Èyí ló yà kẹ́yìn," ó wí. "Kámẹ́rà rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí gbé bọ̀ láti Amẹ́ríkà."