Àwọn Tó Wá Bá Odídẹrẹ́ Kẹ́dùn

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi, ẹ jókòó dáadáa; àlọ́ mi dá lórí Odídẹrẹ́ àtàwọn àlejò rẹ̀.

Òjò ò rọ̀ lásìkò mọ́, ọ̀pẹ ń gbẹ. Ìdì ẹyìn kan ṣoṣo ló kù tí Odídẹrẹ́ fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ẹranko gbọ́ pé ìran odídẹrẹ́ fẹ́ tán, wọ́n bá rọ́ wá bá a kẹ́dùn. Wọ́n jókòó ti ìdì ẹyìn, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sunkún.

Odídẹrẹ́ dárin, àwọn àlejò ń gbè é:
"Ebi ń pa ọmọ mi o!"
"A kẹ́dùn, a kẹ́dùn!"
"Ẹyìn mi ń tán lọ o!"
"A kẹ́dùn, a kẹ́dùn!"

Ilẹ̀ ṣú, wọn ò lọ. Nígbà tí àkùkọ kọ, Ọ̀bọ ní, "Ìyá Odídẹ, kí la ó jẹ láàárọ̀?"

Odídẹrẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìfẹ́ yín mà pọ̀ o! Ilé ta lèmi àtàwọn ọmọ ó wá gbé, ká máa jẹun níbẹ̀ títí òjò ó fi rọ̀?"

Ọ̀bọ rántí pé ìrù ń dun òun. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ìyàwó òun ò fẹ́ àlejò.

Odídẹrẹ́ ní, "Ìyàwó wo, ìwọ àpọ́n yìí?"

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìrù wọn nìkan lèèyàn ń rí lọ́nà, Odídẹrẹ́ sì ń já ẹyìn tó kù, ó ń fi sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.