Káàdì Ẹ̀jẹ̀ Tí Abdulganiyu Fi Ike Bò

Ẹ má ì tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni o. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán, nítorí ìparí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

1.

Abdulganiyu, ọmọ àdúgbò Gàmbàrí, ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ṣàngó. Ó ń tẹ̀wé, ó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ṣùgbọ́n láminéètì ni iṣẹ́ tó fi ń yangàn jù. Ìwé ẹ̀rí o, káàdì ìdìbò o, àwòrán ìgbéyàwó o, gbogbo rẹ̀ ló ń fi ike bò. "Ohun tí mo bá ti láminéètì," ló máa ń wí, "omi ò tó o, kòkòrò ò tó o." Ẹ̀yin náà mọ irú wọn, àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti di oògùn gbogboǹṣe.

Àkọ́bí òun àti Raudah ìyàwó rẹ̀ kú ní jòjòló. Ọmọ náà ń mu ọmú, ó ń bì í, ojú àti ara rẹ̀ wá pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. Nítorí náà, nígbà tí Raudah tún bí ọmọbìnrin ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Basin, dókítà ní kí wọ́n tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

2.

Sista Ìtùnú, nọ́ọ̀sì ará Ọ̀mù-Àrán, ló gún gìgísẹ̀ ọmọ náà. Ó ń kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú àwọn àmì roboto tó wà lórí káàdì kan. Abdulganiyu fẹ́ràn ìbéèrè, ó sún mọ́ ọn.

"Sista, ẹ̀jẹ̀ tó bá ti gbẹ sórí ìwé, kí ló tún lè sọ?"

"Á sọ púpọ̀, Alfa. Àwọn àrùn kan wà tí ọmọ máa ń jogún lára bàbá àti ìyá. Ara bàbá le, ara ìyá le, wọn ò sì ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ò ní lè lo oúnjẹ kan. Oúnjẹ yẹn á wá máa di májèlé sí i lára."

"Subhanallah! Oúnjẹ wo?"

"Ohun tá a fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yìí sọ fún wa nìyẹn. Tá a bá tètè mọ̀ ọ́n, a ó yọ oúnjẹ náà kúrò, ọmọ á yè."

"Báwo ni wọ́n ṣe wá ń rí i nínú ìwé?"

"Tó bá dé láàbù, wọ́n á..."

Fóònù Abdulganiyu dún. Dẹ́rẹ́bà tí yóò gbé káàdì náà lọ sí láàbù ní Ìbàdàn ló ń pè, ọkọ̀ ti ń kún.

"Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀ níbí di ìrọ̀lẹ́," ni Sista wí. "Kò gbọdọ̀ rí oòrùn, kò gbọdọ̀ rí nǹkan gbígbóná, ẹ má sì fi sínú ọ̀rá. Ọkọ̀ míì ń lọ lọ́la."

"Sista, ìwé niṣẹ́ mi. Ó yé mi."

Kí obìnrin náà tó fọwọ́ bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tán, Alfa ti mú káàdì, ó ti gun ọ̀kadà.

3.

Òjò ṣú. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò, tí òjò lè pa, tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ tó tutù mú! Ìfẹ́ ọmọ ló ń ṣe é, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tan ẹ̀rọ, ó dúró kó gbóná dáadáa, ó sì ti káàdì náà bọ̀ ọ́. Káàdì jáde lódì kejì, ó ń dán gbinrin. Inú Abdulganiyu dùn gan-an, ó gbé e fún dẹ́rẹ́bà.

Wọ́n ti ṣe sùnnà ọmọ náà, wọ́n ti sọ ọ́ ní Zahrah, kí Sista Ìtùnú tó pe Abdulganiyu.

"Alfa, láàbù ló pè mí. Kí lẹ ṣe sí káàdì yẹn?"

"Mo láminéètì ẹ̀ ni, kó má bàa bàjẹ́."



"Alfa, ṣe ni wọ́n máa ń gé bíńtín lára ẹ̀jẹ̀ yẹn, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sómi kí ẹ̀jẹ̀ lè tú jáde. Ẹ̀rọ yín ti sè é. Ẹ gbé ọmọ wá kíákíá, ká gba òmíràn."

Ìdáhùn tí kò dúró gbọ́ lọ́jọ́sí nìyẹn.

4.

Ó sáré délé. Raudah gbé Zahrah lé ẹsẹ̀, ó ń sunkún.

"Bàbá Zahrah, gbogbo ọmú tó mu ló bì. Ẹ wo ojú ẹ̀, ó ti ń pọ́n bíi ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Èsì ẹ̀jẹ̀ yẹn ńkọ́?"



Wọ́n gbé ọmọ dé Basin, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Abdulganiyu jókòó ti káàdì náà títí ó fi gbẹ, kò jẹ́ kí èémí rẹ̀ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Zahrah kú kí èsì tó dé.

Èsì dé ṣá. Dókítà pe tọkọtaya náà jókòó, ó ní ṣúgà inú wàrà ni ara ọmọ náà ò lè lò, ìbáà jẹ́ wàrà màlúù, ìbáà jẹ́ ti ìyá rẹ̀.

"Kí là bá fún un, dókítà?" ni Raudah béèrè.

"Wàrà ọmọdé tí wọ́n fi sóyà ṣe, Màmá."

Raudah yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Sóyà, Bàbá Zahrah. Ní gbogbo ọjọ́ tí à ń retí èsì káàdì yín, èmi ni mò ń fún un lọ́mú. Tó bá kọ̀ ọ́, mo tún ń rọ̀ ọ́ pé kó mu ún."

Abdulganiyu bú sẹ́kún níwájú dókítà.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má tìtorí ìtàn yìí gba ọmú lẹ́nu ọmọ yín. Ọmú dára, irú àrùn yìí ò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọmọ yín kan bá ti kú rí tẹ́ ẹ ò mọ ohun tó pa á, ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó bí òmíràn. Tí wọ́n bá sì kán ẹ̀jẹ̀ ọmọ sórí káàdì, ohun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ má fi iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ tún iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.