Aago fún Ìyá

Atúnrédíòṣe náà tún tẹ bọ́tìnì; aago kò dún. Ó yọ ṣíìpù kékeré, ó fi èyí tó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, ó tún àṣẹ kọ sínú rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, kò dún.

Lánàá ni ìyá rẹ̀ ṣubú nínú yàrá, tó ké sí i títí tí kò gbọ́.

“Màámi, ariwo tírélà títì Òrè ni,” ló sọ.

Aago yìí ni ìyá yóò máa fi pè é.

“Olúwa, ṣàánú mi.” Ó tẹ bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀, kò tú u sílẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé, ó fi ọwọ́ di etí, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń padé. Ó di ìgbà tó pariwo sí ọkọ rẹ̀ létí kó tó gbọ́.

“Ẹ pa á, Bàbá Lọ́pẹ́. Àtàárọ̀ ló ti ń dún.”