Bàbá Lórí Póò

Bàbá rọra jókòó sórí póò ọmọ rẹ̀ tòun ti ṣòkòtò iṣẹ́. Ọ̀la ni ọmọbìnrin náà máa wọ jẹ́lé-ó-sinmi, wọn kì í sì í gba ọmọ tó ń wọ páńpásì. Ẹ̀bẹ̀ pé kó lo póò ò ràn án, orin ò ràn án.

"Wò mí dáadáa. Ṣùùù! Ṣé o rí i pé ó dùn?"

"Ẹ kú iṣẹ́, Dádì."

"Ó yá, ó kàn ẹ́."

Bàbá dìde. Póò bá a dìde. Ó fà á títí, kò bọ́.

Ìtọ̀ ti ń gbọ̀n ọmọ. Ó bọ́ páńpásì, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn àgbà, ó gun ìjókòó, ó tọ̀.

Ìyá sáré dé, ó bá ọkọ rẹ̀ tòun ti póò nídìí.

"Kí lèyí?"

"Mọ́mì, ẹ má bá wọn wí," ọmọ náà dáhùn. "Wọ́n ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo póò ni."