Adéòjó Tó Ba "Wá" Jẹ́ Mọ́ Ara Rẹ̀ Lẹ́nu

Kí ló dé tí Mùsílímátù kò fi tú bẹ́líìtì náà kúrò lọ́rùn ajá? Ilé ló máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọkọ rẹ̀ á sì ti lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó. Bẹ́líìtì ọ̀hún kò ní àgádágodo, ìdè kan ṣoṣo ló ní, bíi ti bàtà ọmọ iléèwé. Títí di òní, ó ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí.

Àléébù Adéòjó ọkọ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà burú: kò lè pe nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Kì í mutí, kì í rin ìrìnkurìn, oúnjẹ kì í sì wọ́n nílé rẹ̀ ní Itamaga. Ṣùgbọ́n bó bá pe ènìyàn, tí onítọ̀hún kò tíì dìde, ojú rẹ̀ á ti pọ́n. Á ní, "Ẹ̀ẹ̀kan lèmi ń sọ̀rọ̀."

Ní ọdún 2003, Bàbá Sànní, apẹja ní Ẹ̀pẹ́, tí í ṣe bàbá Mùsílímátù, fún Oríyọmí ọmọ wọn ní ajá kan. Ọmọ náà ń lọ sí ọdún mẹ́ta nígbà náà.

Bàbá ní, "Àwa kì í gbé ajá wọlé, inú ọkọ̀ ló ti ń bá mi ṣọ́ àwọ̀n. Jẹ́jẹ́ lorúkọ ẹ̀. Jẹ́jẹ́ náà ni kẹ́ ẹ bá a lò."

Jẹ́jẹ́ kì í kánjú lóòótọ́. Bí wọ́n bá pè é, á kọ́kọ́ gbóòórùn ògiri, á wo aláǹgbá, kó tó máa bọ̀. Èyí ń dun Adéòjó wọra. Ìgbà tí ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ti òkè òkun dé, ó bá a mú bẹ́líìtì ọrùn ajá kan wá, dúdú, pẹ̀lú rìmóòtù.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Adéòjó dúró sẹ́nu géètì, ajá wà nídìí kànga lọ́hùn-ún. "Jẹ́jẹ́, wá!" Ajá ń wo aláǹgbá. Adéòjó tẹ bọ́tìnnì rìmóòtù, iná bátìrì inú bẹ́líìtì gbé ajá lọ́rùn. Jẹ́jẹ́ fò sókè, ó ké bí ènìyàn, ó ṣubú. Ó wòkè, ó wọ̀tún, ó wòsì, ó ń wá ẹni tó lu òun. Kò sí okùn, kò sí wáyà, kò sí pàṣán. Mùsílímátù sáré bọ́ síta.

"Súbùhánálláhì! Bàbá Oríyọmí, kí lẹ ṣe fún un?"

"Mo pè é ni."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan nìyẹn?"

"Ajá tó máa sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tèmi á gbọ́."

Ó sì gbọ́. Kò tó oṣù kan, bí Adéòjó bá ti ní "Wá," ajá á ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọfà. Àwọn aládùúgbò ń wá wòran.

Ọ̀kan ní, "Bọ̀dá Adé, ẹ yá mi ní bẹ́líìtì yẹn lọ́jọ́ kan, kí n lọ fi sọ́rùn ọ̀gá mi!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Mùsílímátù kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó rí, wọn kò rí i. Bó bá dúró sí kíṣíìnì tó ní, "Oríyọmí, wá jẹun," ajá á nà gbalaja sílẹ̀, á tọ̀ sára. Ọmọ á wo ajá, á sì fọwọ́ di ọrùn ara rẹ̀ mú.

"Bàbá Oríyọmí, ẹ ò rí i bí ọmọ yìí ṣe ń di ọrùn mú?"

"Eré ọmọdé ni. Ìwọ náà, bí ewé bá já, wàá ní igi ló wó."

Mùsílímátù dákẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Nígbà tí ọdún Iléyá dé, wọ́n gbé ajá dání lọ sí Ẹ̀pẹ́. Adéòjó ti rìmóòtù bọ àpò, kó lè fi àrà náà han àna rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n wà létí ọ̀sà, níbi tí pákó gígùn kan ti wọ inú omi lọ fún àwọn tó ń so ọkọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kí ara wọn, Oríyọmí ti rìn lórí pákó náà dé ìparí.

Adéòjó ló kọ́kọ́ rí i. Ó fa rìmóòtù yọ, ó na ọwọ́ sókè. "Oríyọmí, wá! Wá níbí!"

Ajá sáré dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó nà gbalaja sórí iyanrìn. Ọmọ yíjú padà, ó rí ọwọ́ bàbá rẹ̀ lókè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn mú, ó sún sẹ́yìn.

"Mo ní wá!"

Ó tún sún sẹ́yìn. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ti kúrò lórí pákó.

Mùsílímátù sáré fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, lójú bàbá rẹ̀, lójú àwọn apẹja. Irú ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní: "Máa bọ̀, ọmọ mi. Máa bọ̀ jẹ́jẹ́."

Ọmọ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ajá gbé orí sókè, ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó dìde, ó rìn lórí pákó lọ bá ọmọ náà. Oríyọmí tẹ̀ síwájú, ó di etí ajá mú, àwọn méjèèjì sì ń bọ̀ lẹ́sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ kan. Àwọn apẹja fi àwọ̀n sílẹ̀, wọ́n ń wò wọ́n. Omi pàápàá dà bí ẹni pé ó dúró.

"Ọlọ́run mà tóbi o," Bàbá Sànní ló sọ ọ́, wúyẹ́wúyẹ́.

Adéòjó kúnlẹ̀, ó la ọwọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Oríyọmí, wá." Ọmọ sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, òun àti ajá.

Bàbá Sànní bẹ̀rẹ̀, ó tú bẹ́líìtì náà. Ó ní, "Àna mi, ajá ò ní bá yín padà."

Ajá dúró sí Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ìyà Adéòjó bá a délé. Títí Oríyọmí fi wọ iléèwé, kò jẹ́ ìpè bàbá rẹ̀. Adéòjó á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bisikíìtì lọ́wọ́, á máa pè. Ẹni tí kò lè pe nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ó ń pe ọmọ bíbí inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: ẹ má fi ìnira kọ́ ohun abẹ̀mí ní ìgbọràn. Ẹ̀rù lè mú un yára dé ọ̀dọ̀ yín, kò lè mú un fẹ́ràn yín. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì là ń fi fà á mọ́ra. Ajá náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ sì ń ṣe fún ajá, ọmọ ń wò yín. Ìwọ tí o rí i tí o dákẹ́, o pín nínú rẹ̀.

Ó tó ọdún márùn-ún kí Adéòjó tó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé bátìrì bẹ́líìtì náà ti kú ní oṣù méjì gbáko ṣáájú Iléyá ọdún náà.