Ọkọ̀ Sìmẹ́ńtì Tí Àmọ̀kẹ́ Kò Fẹ́ Wọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rọra ka ìtàn yìí, kí ẹ sì kà á tán. Ẹni tó bá dá a dúró lágbedeméjì, ẹ̀rín nìkan ni yóò rí níbẹ̀, ẹ̀rín kọ́ ló sì wà nídìí rẹ̀.

1.
Lọ́dún 1979, obìnrin kan wà ní Ìsẹ́yìn tó ń ta aṣọ òfì. Àmọ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀, ìyá Bàṣírù. Obìnrin náà rí ara, ó sanra dáadáa. Bó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀, oníbàárà kò lè wọlé àfi tó bá dìde. Wọn kì í sọ ọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, ìyá Bàṣírù," ni wọ́n máa ń wí, wọn á sì dúró síta ná ọjà.

Bàbá rẹ̀, Ògúndìran, ń ṣọ́ ẹranko fún ìjọba ní erékùṣù kan tó dá wà láàárín odò, lẹ́yìn Tẹ̀dé, níbi táwọn àlejò máa ń lọ wo ẹfọ̀n àti àgbọ̀nrín. Ọdún méje ni baba àti ọmọ kò ti fojú kanra. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé. Àdìjátù, ọ̀rẹ́ Àmọ̀kẹ́, ló kà á fún un nínú ìsọ̀:

"Àmọ̀kẹ́ ọmọ mi, ojú mi ń ṣú. Mo fẹ́ rí ọ kó tó ṣú tán. Wá kí òjò tó dé, torí bí odò bá kún, kò sí ọkọ̀ tó lè kọjá. Mo gbọ́ pé o ti rí ara. Nítorí náà, ránṣẹ́ sí Ràsáàkì ọlọ́kọ̀ ṣáájú, kó lọ gbé ọkọ̀ ńlá tí a fi ń kó sìmẹ́ńtì wá láti òkè odò. Má wọ òfì, ó wúwo, ó sì ń mu omi. Wọ bàtà pẹlẹbẹ. Bó o bá wọnú ọkọ̀, àárín gan-an ni kó o jókòó sí."

Àmọ̀kẹ́ já lẹ́tà náà gbà.

"Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì! Àdìjátù, ṣé mo jọ sìmẹ́ńtì lójú ẹ ni?"

Àdìjátù wò ó díẹ̀. "Rárá o. Sìmẹ́ńtì kì í bínú. Ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà, jàre. Ta ló máa mọ̀?"

"Gbogbo Tẹ̀dé ló máa mọ̀!"

2.
Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Àmọ̀kẹ́ ránṣẹ́ sí Ràsáàkì pé òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ọkọ̀ ńlá. Ràsáàkì rán awakọ̀ kan padà sí i láti béèrè pé èèyàn mélòó ló ń bọ̀.

"Sọ fún un pé èèyàn kan," ni Àmọ̀kẹ́ wí.

Kò sì purọ́. Èèyàn kan náà ni.

3.
Lọ́jọ́ tó lọ, òfì ló wọ̀ látòkè délẹ̀: ìró, bùbá, gèlè, ìborùn. Ó ní ẹni tó ń ta òfì kò lè wọ áńkárá lọ sójú àlejò. Bàtà gogoro ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ràsáàkì ti ń dúró létí odò. Ó wo ọkọ̀ kékeré tó gbé wá. Ó wo Àmọ̀kẹ́. Ó tún wo ọkọ̀.

"Ẹ kú ìrìn, ìyá Bàṣírù. Ẹ̀yin nìkan náà ni?"

"Ṣé o rí ẹlòmíì lẹ́yìn mi ni?"

"Rárá, ìyá mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sùn sọ́dọ̀ ìyàwó mi lónìí. Odò... odò yìí kò dáa tó."

Odò náà dákẹ́ bí ẹni tó sùn. Àwọn tó ń fọṣọ níbẹ̀ gbọ́, wọ́n sì tẹjú mọ́ aṣọ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ni yóò wo ojú ìyá oníyàá kó sọ fún un pé ó tóbi ju ọkọ̀ lọ?

"Gbé mi kọjá, jàre. Bàbá mi ń dúró."

Òótọ́ ni. Lódìkejì, bàbá ti wà létí omi, ó ń fi fìlà juwọ́.

Àmọ̀kẹ́ fi ẹsẹ̀ kan wọkọ̀. Ọkọ̀ tẹ̀. Ó fi ìkejì sí i. Ọkọ̀ dojú dé. Omi kò ju ìbàdí lọ, ṣùgbọ́n òfì mu omi débi pé èèyàn mẹ́rin ló fà á jáde. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọṣọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dun Àmọ̀kẹ́ ju ìṣubú lọ. Bàbá ń pariwo nǹkan kan láti òdìkejì, atẹ́gùn gbé ohùn rẹ̀ lọ.

"Sọ fún bàbá mi pé n ó padà wá lóṣù tó ń bọ̀," ló wí fún Ràsáàkì. Ó kọjú sí ibi tí mọ́tò wà, omi ń kán lára rẹ̀.

4.
Lọ́jọ́ kẹta, òjò bẹ̀rẹ̀. Odò kún, oṣù márùn-ún gbáko ló sì lò kó tó fà. Láàárín rẹ̀ ni bàbá kú. Láti etí omi kan sí èkejì ni wọ́n ti fi ariwo túfọ̀ rẹ̀. Wọn kò lè gbé e wálé. Erékùṣù náà ni wọ́n sin ín sí.

5.
Nígbà tí odò fà, Àmọ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ sìmẹ́ńtì. Áńkárá ló wọ̀, bàtà rẹ̀ pẹlẹbẹ, àárín gan-an ló jókòó sí. Ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ mì.

Bàbá Sàlàkọ́, tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ ṣiṣẹ́, mú un lọ síwájú ilé. Àga kan wà níbẹ̀, ó fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bí odó.

"Ìwọ ni bàbá rẹ kàn án fún," ni bàbá Sàlàkọ́ wí. "Ó ní kí èmi àti ẹ̀ṣọ́ kejì jọ jókòó lé e, ká máa fò sókè. Ó ní bó bá gbà wá, á gba ọmọ òun."

"Kí ni bàbá mi ń pariwo lọ́jọ́ tí mo ṣubú sódò?"

"Ó ní kó o dúró. Òun fúnra rẹ̀ ti ránṣẹ́ pe ọkọ̀ ńlá, ó ní òun mọ̀ pé o ò ní sọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni ọkọ̀ ọ̀hún dé."

Àmọ̀kẹ́ di àga mú.

"Ojú rẹ̀ kò ríran dé òdìkejì mọ́. Nígbà tó o yọ létí omi, ó bi mí pé, 'Sàlàkọ́, ṣé òótọ́ ni pé ó ti rí ara?' Mo ní ó rí ara dáadáa. Ló bá rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ mi ń jẹun.'"

Àmọ̀kẹ́ jókòó. Àga náà kò dún.

Ó gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn, sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀. Bí oníbàárà bá dé, òun ló ń kọ́kọ́ wí pé, "Ẹ jẹ́ kí n dìde fún yín, mo tóbi."

Ìwọ tó o kà á débí, gbọ́ ìkìlọ̀ yìí. Bí ara rẹ bá tóbi, tó o sì ń lọ sọ́nà jíjìn, sọ fún ọlọ́kọ̀ kó o tó kúrò nílé. Fi aṣọ tó wúwo sílẹ̀. Béèrè bóyá àga wọn le. Bí wọ́n bá ní kó o dúró, dúró. Má ṣe torí ìtìjú kẹ̀yìn sí ẹni tó ń fi fìlà juwọ́ sí ọ. Ẹ̀rín etí odò yẹn kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àmọ̀kẹ́ ì bá fara dà á.