Ìgò Tí Ó Mú Lórí Tábìlì

"Ìyá mi, ẹ dìde, ilé yá," ni oníkẹ́míìsì wí, ó sì ká aṣọ ìbora kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń fa abẹ́rẹ́ ò wojú rẹ̀. "Ẹ mọ́wọ́ kúrò. Oògùn wọn ò tíì pé."

"Ẹsẹ̀ wọn ò wú mọ́, ibà ti lọ. Ta ló ń lo oògùn lẹ́yìn tára ti yá? Ṣé èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà lẹ fẹ́ kọ́ ní oògùn?"

"Dókítà oníkápúsù méjì," ni ìyá fọhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Méjì-méjì lò ń fún mi, tégbò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mí dé egungun."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

"Oògùn yín ò ran kòkòrò inú egbò yìí mọ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó ti sọ ọ́ di oúnjẹ. Èyí nìkan ló ṣì ń pa á. Tẹ́ ẹ bá dá a dúró lónìí, ẹ yáa lọ pọ́n ọ̀bẹ tí wọ́n máa fi gé ẹsẹ̀ ìyá yín."

Ó fún ìyá lábẹ́rẹ́, ó gbé ìgò oògùn náà tó ti ṣófo kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì kẹ̀yìn sí wọn láti fọwọ́.

Oníkẹ́míìsì ò jà mọ́. Tó bá ti mọ orúkọ oògùn yìí, òun náà á máa tà á ní méjì-méjì. Ó rọra fi ìgò náà sápò, ó ní òun ń bọ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yọ ọ́ wò. Wọ́n ti bó ìwé tí orúkọ oògùn wà kúrò lára rẹ̀ féú.

"Ẹ kà á sókè, ká jọ gbọ́," ni nọ́ọ̀sì wí lẹ́nu ọ̀nà, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.